Ẹ Gbé Sẹ̀gi Sí Oòrùn Kí Ẹ Tó Dárúkọ Owó

Nígbà tí ìyá bàbá mi papò dà, àwọn àgbà ilé pín ẹrù rẹ̀. Ìdì sẹ̀gi méjì wà nínú igbá kan, wọn kò sì dán mọ́. Kí n tó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, wọ́n ti kó méjèèjì fún alájàpá kan tí ó fi ìlẹ̀kẹ̀ titun, tí ń dán yinrin, ṣe pàṣípààrọ̀ fún wọn. Ike gbáà ni mo bá lọ́rùn àwọn àbúrò mi.

N kò dá àwọn àgbà náà lẹ́bi púpọ̀. Ohun tí mo rò ni pé ẹni tí kò mọ bí a ti ń yẹ ìlẹ̀kẹ̀ wò kò gbọdọ̀ tà á. Àwa tí a ń sọ ọmọ ní Sẹ̀gilọlá, ó yẹ kí a dá sẹ̀gi mọ̀ bí a bá rí i.

Ó pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti ń sọ pé gíláàsì tí àwọn àlejò gbé wá nìkan ni àwọn baba wa ń yọ́ fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní 1910, ó rí àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì ní Igbó Olókun. Síbẹ̀ Atlantis ni ọkàn rẹ̀ ń lọ, bí ẹni pé ọwọ́ ọmọ Ifẹ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀! Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babatunde Babalola wá walẹ̀ níbẹ̀ láàárín 2011 sí 2012, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000. Àbájáde tí ó tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé Ifẹ̀ gan-an ni a ti po gíláàsì náà, láàárín sẹ́ńtúrì 11 sí 15, àti pé àpòpọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Lárúbáwá àti ti Yúróòpù. Irú rẹ̀ dé Gao ní ilẹ̀ Mali.

Báwo ni a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò? Ẹ tẹ́ ẹ sí àtẹ́lẹwọ́, àwọ̀ aró ni ẹ óò rí. Ẹ wá gbé e sókè kí oòrùn là á kọjá: púpọ̀ nínú sẹ̀gi àtijọ́ a yí padà di àwọ̀ ewé. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa. Gíláàsì tí a fà gùn nígbà tí ó gbóná máa ń ní ìlà tín-ín-tín tí ó bá ihò rẹ̀ rìn lóròó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo ẹnu ihò, nítorí ibẹ̀ ni okùn àti ìlẹ̀kẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń há a fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà.

Ike kò ṣòro láti mọ̀: ó fúyẹ́, kì í tutù lẹ́nu bí a bá fi kan eyín, ojú ibi tí a ti so ó pọ̀ a sì máa hàn. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná gún ìlẹ̀kẹ̀ onílẹ̀kẹ̀.) Èyí tí ó ń tan ọlọgbọ́n jẹ ni gíláàsì aláwọ̀ aró tí àwọn oníṣòwò kó wá láti Venice àti Bohemia. Gíláàsì ni lóòótọ́, ó sì ti lè gbó, nítorí náà àwọ̀ nìkan kò tó. Ti àwọn Masaga ní Bida, tí wọ́n ń yọ́ ìgò fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́, iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni; ẹni tí ó bá pè é ní sẹ̀gi Ifẹ̀ fún yín ni ọ̀bàyéjẹ́.

Alájàpá mìíràn yà sí ilé wa lọ́dún tí ó kọjá. Àbúrò bàbá mi obìnrin ní kí ó jókòó, ó mú ìwọ̀nba ìlẹ̀kẹ̀ tí ó kù bọ́ sí àgbàlá, ó ń gbé wọn sí oòrùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó padà wọlé, ó bu omi fún àlejò náà, ó ní òun kò rí èyí tí òun yóò tà.