Ọ̀RỌ̀ ILÉ ÀTI ÌDÍLÉ: Jíìpù Àtijọ́ Láti Òkè Òkun

 

Ìwé méjì ni ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti inú ilé kan ṣoṣo ní ọ̀nà Badore, lẹ́bàá Ajah. Baálé ilé ni ó kọ èkíní, ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ èkejì, ó sì hàn gbangba pé ẹnìkíní kò mọ̀ pé ẹnìkejì kọ̀wé. A ti sọ fún àwọn méjèèjì, wọ́n sì gbà pé kí a fi ọ̀ràn náà ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa, níwọ̀n bí a kò bá ti dárúkọ wọn.

Baálé wí báyìí pé: “Bàbá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Àbúrò mi tí ń gbé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti bá mi rí jíìpù Land Rover kan tí a ṣe ní 1986. Ẹni tí ó ni ín ti darúgbó, ó sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ẹyin. Owó tí ó pè é kò wọ́n. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà wa ti rí nígbà òjò. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ni ó lè là á já. Ọ̀nà wo ni mo lè gbà kó o wọlé?”

Ìyàwó wí báyìí pé: “Bàbá Olóòtú, mo kúnlẹ̀ kí yín. Bàbá àwọn ọmọ mi fẹ́ fi owó tí a ti ń kó jọ láti ọdún mẹ́rin ra ọkọ̀ tí ó dàgbà jù mí lọ. Owó òrùlé ilé wa ni owó náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀, nítorí bí èmi bá sọ ọ́, ìjà ni yóò dà.”

A rẹ́rìn-ín díẹ̀ nígbà tí a ka ìwé méjèèjì tán. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kì í ṣe ọ̀ràn ẹ̀rín. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Lekki, ní Ajah àti títí dé Sangotedo ni irú ìfẹ́ yìí ti wọ̀ lọ́kàn, owó tí ó sì ń lọ sí i kì í ṣe kékeré.

Kí a kọ́kọ́ dá baálé lóhùn. Ìdáhùn rẹ̀ kúrú: arákùnrin wa, ẹ kò lè kó o wọlé. Nínú àkójọ ẹrù tí ìjọba Nàìjíríà kà léèwọ̀, èyí tí ó wà lọ́wọ́ àwọn Aṣọ́bodè, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ọkọ̀ àlòkù tí ó ti lé ní ọdún 12 wọ orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà kan rí, ọdún 15 ni òfin gbà láyè, wọ́n sì ti dín in kù. Kì í ṣe ọjọ́ tí ènìyàn ra ọkọ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò náà, bí kò ṣe ọdún tí a ṣe é ní ilé iṣẹ́. Ọkọ̀ tí a ṣe ní 1986 ti pé ọdún 12 láti 1998. Bí ó ti wù kí olówó rẹ̀ tọ́jú rẹ̀ tó, ẹwà rẹ̀ kò lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ òfin.

Ohun tí ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé òfin ilẹ̀ mìíràn yàtọ̀ sí tiwa. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní 1988 kò jẹ́ kí a kó ọkọ̀ tí a kò ṣe ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà ààbò wọn wọlé, àyàfi bí ọkọ̀ náà bá ti pé ọdún 25. Nítorí náà àwọn ará ibẹ̀ a máa dúró kí jíìpù dàgbà kí wọ́n tó rà á. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ tí ó ti lé ní ogójì ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ owó-orí ọdọọdún. Lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ ogbó a máa sọ ọkọ̀ di ẹni ọlá. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ ogbó ni ó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá rí àwòrán àwọn ará Amẹ́ríkà níbi tí wọ́n gbé ń gba jíìpù àtijọ́ ní èbúté wọn, kí ó má ṣe rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí ní Apapa.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Ṣùgbọ́n à ń rí wọn lójú ọ̀nà Lekki lójoojúmọ́.” Òtítọ́ ni. Àwọn kan nínú wọn ti wà nílẹ̀ yìí kí òfin tó dé. Àwọn mìíràn sì gba Kútọnu wọlé. Ó pẹ́ tí èbúté Kútọnu ti jẹ́ ọjà ọkọ̀ tòkúnbọ̀ fún àwa ará Nàìjíríà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kìíní oṣù Jánúárì 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, ìbáà ṣe tuntun, ìbáà ṣe àlòkù. Ẹni tí ó bá kó irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gba Sẹ̀mẹ̀ tàbí Ìdí-Ìrókò wọlé, fàyàwọ́ ni ó ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ alàgbà ìjọ.

Ọkọ̀ fàyàwọ́ kì í sì í di mímọ́ nítorí pé ó ti dé inú ọgbà wa. Àwọn Aṣọ́bodè lè dá a dúró lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì béèrè ìwé owó bodè rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé, wọ́n lè gbẹ́sẹ̀ lé e, kí owó ọdún mẹ́rin sì di ti ìjọba ní wákàtí kan. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin baálé. Ẹ ń gbé àwọn ọmọ yín lọ sí ilé ìsìn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ rí àwọn Aṣọ́bodè lókèèrè, ẹ sì yà sí kọ̀rọ̀ kan. Ọmọ yín béèrè pé, “Bàbá, kí ni a ń sá fún?” Kí ni ẹ ó dá a lóhùn? Olúwa wa kò fi ọ̀ràn owó-orí Késárì ṣe àwàdà, àwa náà kò sì gbọdọ̀ fi í ṣe é. Ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ kan lè borí ohun tí ó gbọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi ní ọdún kan.

Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ rò pé èbúté tuntun ti yí ọ̀ràn náà padà. Lóòótọ́, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí èbúté omi jíjìn tí ó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí ní ọjọ́ 23 oṣù Jánúárì 2023, ọkọ̀ ojú omi ńlá sì ń gúnlẹ̀ sí àgbègbè wa gan-an báyìí. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ni ó wà níbẹ̀ àti ní Tin Can. Bí ẹrù bá jẹ́ èèwọ̀ ní Apapa, èèwọ̀ náà ni ní Lekki.

Ó lè jẹ́ pé ìrísí àtijọ́ nìkan ni ọkàn arákùnrin wa fà sí. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ilẹ̀kùn náà kò tíì tì pátápátá. Oṣù Jánúárì 2016 ni ilé iṣẹ́ tí ó wà ní Solihull, ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tó ṣe èyí tí ó kẹ́yìn nínú Land Rover onírìísí àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Defender. Àwọn tí ó jáde kẹ́yìn yóò pé ọdún 12 ní 2028. Ilé iṣẹ́ Toyota pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí ṣe irú Land Cruiser kan ní 1984, tí wọ́n ń pè ní 70, wọ́n sì ti ṣe é fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ láì yí ìrísí rẹ̀ padà púpọ̀. Nítorí náà ènìyàn lè rí èyí tí ó jọ àgbà ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọmọdé lójú òfin. Ṣùgbọ́n kí ẹ kíyè sí i pé ọ̀pọ̀ jíìpù tí ó wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn wọn wà. Àwa ti kúrò ní ọwọ́ òsì ọ̀nà láti ọjọ́ 2 oṣù Épírì 1972. Ẹni tí ó bá jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún kò lè rí iwájú dáadáa nígbà tí ó bá fẹ́ kọjá ọkọ̀ akẹ́rù ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ikú kì í kìlọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó kàn. Iye tí a rà á nìkan kọ́ ni owó ọkọ̀. Ní 2022, owó bodè ọkọ̀ àlòkù jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì tún fi 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé e nítorí àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ nílé. Bí iye ọkọ̀, owó ọkọ̀ ojú omi àti owó ìdójútòfò bá jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lápapọ̀, méjèèjì yìí nìkan yóò gba mílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, kí a tó ka owó-orí ọjà àti àwọn owó kéékèèké mìíràn. Àwọn Aṣọ́bodè kò sì ní gba iye tí ẹ dá fún wọn lásán, nítorí ní 2022 kan náà ni wọ́n mú ìlànà kan wá tí a fi ń ti ara nọ́ńbà ọkọ̀ díye lé e. Ẹ sì rántí pé ìjọba jọ̀wọ́ náírà ní oṣù Júùnù 2023. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ dọ́là sí náírà ní èbúté yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ pẹ̀lú ìṣirò oṣù kan lè bá ìṣirò mìíràn pàdé ní èbúté, kí owó ìdúró sì máa gùn lójoojúmọ́ bí ó ti ń wá owó kiri.

Ọ̀nà tí ó tọ́ wo ni ó kù? Ohun tí arákùnrin wa ń wá lọ sí òkè òkun ń bẹ ní ilé. Ìgbà kan wà tí ilé iṣẹ́ Leyland ń to Land Rover pọ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín. Àwọn jíìpù wọ̀nyẹn gbé dókítà, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba kiri ilẹ̀ yìí, díẹ̀ nínú wọn sì ṣì wà nínú ọgbà àwọn àgbà. Èyí tí ó ti wà níhìn-ín tí owó bodè rẹ̀ sì ti san láti ìgbà pípẹ́ kò tún ní kọjá bodè mọ́. Ẹ wá irú rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí pé ti ẹni tí ń tà á ni. Ẹ fi ojú ara yín wo nọ́ńbà tí ó wà lára ṣáàsí àti lára ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi wé ti inú ìwé. Bí ẹyọ kan bá yàtọ̀, ẹ padà sílé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ fi Land Rover han aráyé ní Amsterdam ní ọdún 1948, irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun, nítorí náà alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, irú èyí tí a fi ń ṣe ìkòkò. Èyí kì í dípáàrà bí irin. Ṣùgbọ́n irin ni ṣáàsí rẹ̀, ibẹ̀ ni ìpáàrà ń fara pa mọ́ sí. Ara lè máa dán kí egungun ti jẹrà. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án káàkiri. Ibi tí ó bá dún bí pákó tí ó ti rà, ewu wà níbẹ̀. Àwa tí Òkun wà níwájú wa tí Ọ̀sà sì wà lẹ́yìn wa, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ wa kì í sinmi. Ẹni tí ó bá ní irú ọkọ̀ yìí ní Lekki, kí ó máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa fi òróró pa á.

Ẹ má sì ṣe gbẹ́kẹ̀ lé jíìpù bí ẹni pé ọkọ̀ Nóà ni. Táyà mẹ́rin tí ń fà lè yọ yín nínú iyanrìn àti ẹrẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàrá bo òpópónà Lekki àti Ajah ní oṣù Júláì 2024, omi kò béèrè irú ọkọ̀ tí ó jẹ́. Bí omi bá wọ ibi tí ẹ́ńjìnnì gbé ń mí, ẹ́ńjìnnì yóò kú, ìbáà jẹ́ ti 1986, ìbáà jẹ́ tuntun. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ilé ni kí ọlọgbọ́n jókòó sí. Ó sì yẹ kí ẹ rántí epo pẹ̀lú: jíìpù àtijọ́ a máa mu ún bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù sì ti lọ láti oṣù Méè 2023.

Nísinsin yìí, ọ̀rọ̀ kù fún àwọn méjèèjì.

Baálé, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti fẹ́ràn ohun àtijọ́ tí a fi ọgbọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n owó òrùlé kì í ṣe owó yín nìkan. Ọdún mẹ́rin ni ìyàwó yín fi jẹun díẹ̀, tí ó fi wọ aṣọ àná, kí owó náà tó pé. Ẹ kan òrùlé ná. Òjò tí ẹ ń sá fún lójú ọ̀nà, orí ilé ni yóò kọ́kọ́ rọ̀ sí.

Ìyá àwọn ọmọ, ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé, ṣùgbọ́n ọkọ yín ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe àwa. Ẹ má ṣe fi jíìpù rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà níwájú àwọn ọmọ. Ọkùnrin tí ó ń la ẹrẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ nítorí àti jẹ ìdílé rẹ̀ kò ṣe ohun tí ó burú nígbà tí ó bá lá àlá ọkọ̀ tí ó lágbára.

Ẹ jọ jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù, kí ẹ ṣe bí ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ nínú òwe Olúwa wa: kí ẹ ka iye owó náà tán kí ẹ tó dáwọ́ lé e. Nígbà tí òrùlé bá wà lórí ilé, tí owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ sì wà nílẹ̀, bí ìfẹ́ náà kò bá tíì kúrò lọ́kàn, ẹ jọ lọ sí Ìbàdàn lọ wo èyí tí ẹ lè fi ojú rí, tí ẹ lè fi ọwọ́ kàn, tí ìwé rẹ̀ sì pé. Ọkọ̀ tí ọkọ àti aya jọ rà, tí wọn kò sì ní bẹ̀rù láti gbé kọjá níwájú ẹnikẹ́ni, òun ni yóò rọrùn fún yín láti máa gùn.

Kí Ọlọ́run bù kún ilé yín, ẹ̀yin ará wa ní ọ̀nà Badore. Ẹ má ṣe gbàgbé láti sọ fún wa bí ó ti rí.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Olóòtú Ọ̀rọ̀ Ilé àti Ìdílé