Ta Ló Wọn Ọmú Ìyá?

Ní Ìjàrè, bí ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, obìnrin kì í pẹ́ bímọ tán tí a ó fi sọ fún un pé: "Ọmú rẹ kò tó ọmọ yìí." Kí ni a fi wọ̀n ọ́n? Ẹkún ọmọ ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, omi ti dé, àgbo sì ti tẹ̀ lé e.

Mo ní ẹ̀sùn èké ni. Gaàrí ni à ń fi kọ́ńgò wọ̀n lọ́jà. Ìgò mílíìkì tó ní ìlà àti òǹkà lára ló kọ́ wa pé ohun tí ojú kò rí kò tó.

Àwọn onímọ̀ mọ ọ̀nà tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Wọn a gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n kí ó tó mu ọmú, wọn a tún gbé e lẹ́yìn tó bá mu tán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ohun tó mu. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe mọ̀ pé ọmọ oṣù mẹ́ta ń mu nǹkan bí 750 mìlílítà lóòjọ́. Ti ọmọ ọjọ́ kan kò ju ṣíbí kékeré kan tàbí méjì lọ lẹ́ẹ̀kan.

Omi tí a fi kún un ló ń ba nǹkan jẹ́. Ọmọ tó yó omi kò ní fa ọmú dáadáa. Ọmú tí a kò fà yóò sì dín kù. Ẹ̀sùn èké wá di òótọ́! Ìwádìí ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ Nàìjíríà tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 29 péré ló ń mu ọmú nìkan.

Ọmọ tó ń tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lóòjọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tó sì ń wúwo sí i, ń yó. Ẹ̀yin ìyá wa, kí ẹ tó dá ọmú lẹ́bi, ẹ kọ́kọ́ bi ìtẹ́dìí ọmọ léèrè.