Ìrìn Igbó Kì Í Ṣe Àṣà Òyìnbó

Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà àti Agége a máa wí pé òyìnbó nìkan ni í wọ igbó lọ wo omi. Irọ́ gbáà ni! Omi tí ń dà láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ńkọ́? Ṣé òyìnbó ni ó sọ ọ́ ní Olúmirin? Ìtàn ìlú náà sọ pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí i. Obìnrin sì ni.

Ìmúra ni ó sọnù lọ́wọ́ wa. Ọdẹ kì í wọ igbó àjèjì láìbéèrè ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwa yóò kúrò ní Ìkẹjà ní ọ̀sán gangan, a ó wọ ọkọ̀ ju 200 kìlómítà lọ, a ó sì fi sálúbàtà gun àpáta yíyọ̀. Ìpele méje ni Olúmirin ní. Kì í ṣe eré ọmọdé.

Ẹ sun Iléṣà mọ́jú. Ẹ wọ bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ìlú ṣíwájú yín, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí òjò bá ṣú, ẹ padà. Èyí kì í ṣe ojo. Ọgbọ́n ọdẹ ni.