Tẹlifíṣọ̀n Ń Ya Àwòrán Màálù, Ta Ni Yóò Ṣírò Owó Wàrà?

   

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí lè kọ́kọ́ jọ ọ̀rọ̀ tó jìnnà sí wa. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Áyálándì ni, àwọn àti tẹlifíṣọ̀n ìlú wọn. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé, "Kí ló kàn wá níbẹ̀?", ẹ jẹ́ kí a bojú wo orí àtẹ wa ná. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja yìnyín, lára títù àti kòtè tí ẹ ń já láti inú páálí, ọkọ̀ àwọn apẹja Áyálándì ló kó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta mílíìkì páúdà, ti agolo àti ti ọ̀rá, wàrà màálù Áyálándì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tí a jọ ń jẹun láti inú ọjà kan náà, tó bá ń pariwo, ó yẹ kí a gbọ́ ohun tó ń sọ.

Kí ni wọ́n ń sọ? Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n kì í fi iṣẹ́ àwọn hàn bó ṣe rí. Àwọn kan ní ẹwà nìkan ló ń fi hàn. Àwọn kan ní àbùkù nìkan ló ń wá kiri. Àwọn mìíràn ní ará ìlú ńlá ni wọ́n ń ṣe ètò náà fún, kì í ṣe àgbẹ̀ mọ́. Àwa rò pé ẹjọ́ yìí ní ẹ̀kọ́ nínú fún gbogbo ẹni tó bá ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ tí ẹlòmíràn sì ń ròyìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 31 December 1961 ni tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn, tí wọ́n ń pè ní RTÉ lónìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. (Ìbàdàn ti ní WNTV tirẹ̀ láti October 1959. Lórí èyí, àwa la ṣáájú wọn o!) Nígbà náà, iṣẹ́ oko ló gbé ìlú wọn ró, tẹlifíṣọ̀n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1965, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó ń jẹ́ Telefís Feirme, tí Justin Keating, dókítà ẹranko, ń bá wọn darí. Àwọn àgbẹ̀ a kóra jọ, wọ́n á wò ó pọ̀, wọ́n á sì jíròrò lé e lórí. Ní ọdún yẹn kan náà ni eré The Riordans bẹ̀rẹ̀, eré ìdílé àgbẹ̀ kan. Wọ́n kó kámẹ́rà jáde lọ sínú oko gidi ní Dunboyne, kí àgbẹ̀ tó ń wò ó lè rí ẹrẹ̀ tòótọ́ lábẹ́ bàtà. Nínú eré náà ni wọ́n ń fi ọgbọ́n kọ́ wọn ní ọ̀nà tuntun láti dáko. Eré yìí wà títí di 1979. Ìyẹn dára. Tẹlifíṣọ̀n sọ̀rọ̀, àgbẹ̀ sì rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ìjà fi dé. Ní 1966, ọjà màálù bàjẹ́. Charles Haughey, tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn wọn, gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn lórí títa màálù. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó tóbi jù, tí wọ́n ń pè ní NFA, ní àwọn kò fara mọ́ ìmọ̀ràn náà. RTÉ ka ọ̀rọ̀ mínísítà, ó sì ka ti ẹgbẹ́ pẹ̀lú. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Mínísítà gbé tẹlifóònù, ó bínú. Nígbà tí wọ́n tún máa ka ìròyìn, wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kúrò. Nígbà tí àwọn ènìyàn kígbe, Seán Lemass tó jẹ́ olórí ìjọba dìde nílé aṣòfin ní October, ó ní òfin ló dá RTÉ sílẹ̀ láti jẹ́ ohun èlò fún ètò ìjọba.

Ẹ gbọ́ ọ o. Ẹnì kan ń ta màálù, ẹnì kan ń ṣe òfin màálù. Ẹni tó ń ṣe òfin nìkan ni kí ará ìlú gbọ́ ohùn rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí wọ́n ti fi ìwé lé yín kúrò lórí àtẹ yín rí, tí rédíò sì ka ti ìjọba ìbílẹ̀ láìbi yín léèrè, ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí yín.

Kí ni àwọn àgbẹ̀ náà ṣe? Wọn kò jókòó sílé máa sunkún. Ní October 1966 yẹn kan náà, Rickard Deasy, ààrẹ ẹgbẹ́ wọn, kó wọn lẹ́yìn láti Bantry ní ìsàlẹ̀ ìlú, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lé ní 200 máìlì dé Dublin. Lójú ọ̀nà, èrò ń kún wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Dublin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n. Mínísítà kọ̀, kò dá wọn lóhùn. Mẹ́sàn-án nínú àwọn olórí wọn bá jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìjọba, nínú òtútù, fún 20 ọjọ́. Kò sí kámẹ́rà kankan tó lè fojú fo ìyẹn. Kí á sì má gbàgbé pé láti 1948 ni àwọn àgbẹ̀ ti ní ìwé ìròyìn tiwọn, Irish Farmers Journal, tó ṣì ń jáde títí dòní. Ẹni tí wọ́n ń yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò nínú ìròyìn ní láti ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí.

Lónìí ńkọ́? Láti 1993 ni RTÉ ti ń ṣe ètò tó ń jẹ́ Ear to the Ground. Ètò tó dùn ún wò ni. Wọ́n á fi ọ̀dọ́ tó ń ṣe wàràkàṣì hàn, wọ́n á fi ọ̀dọ́ àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí hàn, wọ́n sì máa ń fọwọ́ kan ìṣòro náà. Ẹ̀dùn ọkàn àwọn àgbẹ̀ kan ni pé ẹni tó bá wò ó tán á rò pé afẹ́fẹ́ tútù àti ewéko tútù ni iṣẹ́ àgbẹ̀. Àwòrán rẹ́rẹ́ kò sọ iye tí wọ́n ra oúnjẹ màálù, kò sọ iye tí báǹkì ń gbà, kò sọ iye tí lítà wàrà kan wọ́ wọn kí wọ́n tó tà á.

Níbí ni àwa ti gbè wọ́n. Owó ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ìparí July títí wọ September 2019, àwọn àgbẹ̀ olómàálù lọ dúró sẹ́nu géètì àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pa màálù. Wọ́n ní iye tí wọ́n ń fún àwọn kò tó iye tí àwọn fi sin ẹran náà, bẹ́ẹ̀ súpámákẹ́ẹ̀tì ń rí èrè tirẹ̀. Iṣẹ́ dúró, wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ máa lọ sílé ná. Ìgbà yẹn ni tẹlifíṣọ̀n wá dé dáadáa. Àbí a gbọ́dọ̀ ti géètì kí ẹnì kan tó béèrè iye tí àgbẹ̀ ń rí gbà?

Ẹ tún wo ti wàrà. Ní 1984, àjọ Yúróòpù fi ìwọ̀n sí iye wàrà tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè fún. Ẹni tó bá kọjá á, owó ìtanràn ni. Ní 31 March 2015, wọ́n gbé ìwọ̀n náà kúrò. Ìjọba Áyálándì ní kí àgbẹ̀ máa fún un lọ. Àgbẹ̀ yáwó, ó ra màálù kún màálù, ó kọ́ ilé ìfúnwàrà tuntun. Nígbà tó fi máa di 2022, wàrà wọn ti fi bí ìdajì lé sí ti àtẹ̀yìnwá. Ọdún 2022 yẹn kan náà ni ìjọba tún sọ pé kí iṣẹ́ àgbẹ̀ dín èéfín tó ń ba ojú ọjọ́ jẹ́ kù ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó di 2030. Bákan náà, nítorí omi odò tó ń bàjẹ́, láti 2024 ni wọ́n ti dín ìwọ̀n ìgbẹ́ ẹran tí wọ́n gbà láyè kù ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, láti kílò 250 nitrogen lórí hẹ́kítà kan sí 220. Ẹni tó yáwó ra màálù ní kí ni kóun fi màálù ṣe? Àwa kò sọ pé kí odò bàjẹ́ o. Omi ni gbogbo wa ń mu. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tó ní kí o fẹ ìsọ̀ rẹ ní àná kò gbọ́dọ̀ wá pè ọ́ ní ọ̀daràn lónìí nítorí pé ìsọ̀ rẹ fẹ̀.

Ẹ̀rù ọjà òkèèrè náà tún wà. Ní December 2024, àwọn aláṣẹ Yúróòpù àti àwọn ìlú Mercosur, bíi Brazil àti Argentina, kéde pé àwọn ti parí ọ̀rọ̀ lórí àdéhùn ọjà. Àgbẹ̀ Áyálándì ní ẹran olówó pọ́ọ́kú yóò wọlé, wọn ò sì ní fi irú òfin tó de òun de àwọn tó sin ín. Ẹ tún wò ó: nínú ìkànìyàn oko ti 2020, bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn olóko wọn ló ti pé ẹni ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò gba ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá?

Ṣùgbọ́n a kò ní gbè wọ́n dé ibi tí kò yẹ. Ní July 2023, RTÉ gbé ètò ìwádìí kan jáde tó fi hàn bí àwọn kan ṣe ń na ọmọ màálù akọ, tí wọ́n ń tì í, tí wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́ lọ́jà ẹran àti lójú ọ̀nà. Màálù tó bá máa fún wàrà gbọ́dọ̀ bímọ, akọ kò sì ní wàrà, nítorí náà iye rẹ̀ kéré gan-an lójú wọn. Àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìwà náà, ṣùgbọ́n a rí àwọn tó bínú sí kámẹ́rà ju ẹni tó mú pàṣán lọ. Ìyẹn kò dára. Tí ẹnì kan bá ń fi nǹkan sí abẹ́ òṣùwọ̀n lọ́jà wa, orúkọ gbogbo wa ló ń bà jẹ́. Kò yẹ kí tẹlifíṣọ̀n ṣáájú wa mú un. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n sọ òtítọ́ nípa owó òun gbọ́dọ̀ lè fara da òtítọ́ nípa ìwà òun.

Ó wá ku ohun kan tí tẹlifíṣọ̀n tiwọn àti tiwa kì í sábà fi hàn wá, òun ló sì kàn wá jù. Nígbà tí wàrà pọ̀ ní Áyálándì, ibo ló gbà lọ? Bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ ni wọ́n ń kó jáde. Wọ́n á yọ ọ̀rá ara wàrà, wọ́n á fi ṣe bọ́tà, ìyẹn ni wọ́n ń tà ní owó gọbọi ní Jámánì àti Amẹ́ríkà. Lára èyí tó kù, wọ́n á gbẹ ẹ́ di páúdà, wọ́n á fi epo igi, pàápàá epo ọ̀pẹ, dípò ọ̀rá tí wọ́n yọ. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni púpọ̀ nínú ìyẹn ń bọ̀. Ẹ ka ẹ̀yìn ọ̀rá mílíìkì tí ẹ ń tà, wọ́n kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síbẹ̀. Ó ń ran aláìní lọ́wọ́, nítorí owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin màálù nílẹ̀ wa níbí ń sọ pé òun náà ni kò jẹ́ kí wàrà àwọn níye lórí. Bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ọ̀hún ń sunkún, olómàálù tiwa ń sunkún, àwa tó wà láàrin sì ń ṣírò èrè kọ́bọ̀ lórí ọ̀rá kan. Ẹ ò rí i pé ẹni tó jèrè gidi kò sí nínú àwòrán?

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ wa, àbá wa rèé. Tí àwọn oníkámẹ́rà bá dé ọjà wa, kí a má kan wé gèlè kí a máa rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ata rodo. Kí a sọ owó mọ́tò, kí a sọ owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí a sọ iye tí a rà á àti iye tó bàjẹ́ lọ́nà. Kí ìyálọ́jà kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí a ń kọ iye ọjà sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n má baà sọ fún ará ìlú pé àwa la mú kí nǹkan wọ́n. Kí a sì máa fi ọwọ́ ara wa mú ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ láàrin wa. Ìwé kékeré yìí tiyín ni. Ohun tí rédíò bá yọ kúrò, ẹ mú un wá síbí.

Ẹni tó ni ẹrù ló mọ bó ṣe wúwo tó. Kí a má jẹ́ kí ẹlòmíràn máa sọ ìwọ̀n rẹ̀ fún wa. Ajé á gbé wa o.