Alùpùpù Tí Kì Í Dún

Láti ìgbà tí dókítà ti ní kí bàbá mi máa fi ẹsẹ̀ rìn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, èmi pẹ̀lú wọn ni a jọ máa ń jáde láàárọ̀ Sátidé, kí ọ̀nà tó kún. Ní Olódì-Àpápá wa níhìn-ín, títì àdúgbò náà ni pápá ìgbafẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń sáré ìdárayá, ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà sì ni ọlọ́kadà ń gbà.

Ní Sátidé kan, nǹkan kan ṣàdédé kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, dígí rẹ̀ sì gbá Bàámi ní ìgbọ̀nwọ́. Alùpùpù oníbátìrì ni. Ọmọkùnrin tó gùn ún dúró níwájú, ó sáré padà, ó dọ̀bálẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ti gbọ́ pé mò ń bọ̀ ni.”

“Kí ni ǹ bá gbọ́, ọmọ mi?”

Ìbéèrè yìí ni mo gbé délé. Ariwo ọ̀kadà ti sú gbogbo wa, àmọ́ ariwo yẹn náà ni a fi ń yà lọ́nà láì bojúwẹ̀yìn. Ní Ajégúnlẹ̀, etí ni a fi ń rìn ju ojú lọ. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ oníbátìrì, nítorí kì í rú èéfín, kì í sì í mu epo tó ti di ọ̀wọ́n gógó. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ti di ewu fún ẹlẹ́sẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2021, gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníbátìrì tuntun ní ilẹ̀ Yúróòpù gbọ́dọ̀ máa dún bí eré rẹ̀ kò bá tó 20 kìlómítà ní wákàtí kan. Òfin náà kò kan ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Ní Bìrìtìkó, kẹ̀kẹ́ (n kò sọ ti Marúwá o) oníbátìrì tó ní pẹ́dàlì, tí agbára rẹ̀ kò kọjá 250 wáàtì, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń dẹwọ́ bí eré bá dé máìlì 15.5, kẹ̀kẹ́ lásán ni lójú òfin. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ di alùpùpù, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ìwé àṣẹ. Èyí tó gbá Bàámi kò ní pẹ́dàlì kankan. Ìjọba Èkó sì ti fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti ọjọ́ 1, oṣù kẹfà, ọdún 2022. Àpápá wà nínú wọn. Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn tí Olódì wà lábẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àìmu epo yóò gba òun sílẹ̀ bí òun bá sọdá sí Àpápá, èmi kò ní bá a dán an wò.

Alùpùpù tó ń sáré 25 kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ bíi mítà 7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí bíréèkì yóò fi dá a dúró di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ̀yin tí ẹ ń gùn ún, ẹ rọra bí ẹ bá ti rí ẹlẹ́sẹ̀, ẹ sì tẹ hóònù láti òkèèrè. Èyí tí a tẹ̀ ní ìpàkọ́ àgbàlagbà, jìnnìjìnnì ló ń dà bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré ìdárayá, ẹ yọ gbohùngbohùn kúrò ní etí kan, ẹ gba ọwọ́ òsì títì, kí ẹ lè máa rí ẹni tó ń bọ̀.

Ọmọkùnrin yẹn ti so aago kẹ̀kẹ́ mọ́ ọwọ́ alùpùpù rẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá, a gbọ́ ọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Bàámi kò bojúwẹ̀yìn. Wọ́n kàn yà.