Kí a tó pe ọmọ ní olódo, ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀rọ wò

Nígbà tí èsì ìdánwò JAMB jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, fóònù àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Al Qusais níbí kò sinmi. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa àti ọmọ àbúrò ìyá wa l'Ékòó ń fi máàkì ránṣẹ́, máàkì náà kò sì dára. Àwọn òbí wa ní TikTok ni wọ́n ń wò, wọn ò kàwé. Ká má parọ́, àwa náà bá wọn fi àwọn ọmọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́.

Kì í ṣe àwa nìkan. Nínú èsì tó lé ní mílíọ̀nù 1.9, èyí tó lé ní mílíọ̀nù 1.5 ni kò tó 200 nínú 400. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, ní ó fi hàn pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń dènà jìbìtì ìdánwò ti ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ 14 oṣù náà, ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, dúró níwájú àwọn oníròyìn l'Abuja, ó sì sunkún. Àṣìṣe wà nínú ètò ẹ̀rọ wọn. Ó kan ibùdó ìdánwò 157 nínú 887: 65 l'Ékòó, 92 ní ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Igbo. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní láti tún un ṣe, bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 16. Ọjọ́ méjì péré!

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? JAMB mú ọ̀nà tuntun wọlé, tó ń da ìbéèrè àti ìdáhùn rú kí ọmọ méjì tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn má baà jí ìwé ara wọn wò. Gbogbo server tó ń pín ìdánwò gbọ́dọ̀ gba àtúnṣe kan kí èyí tó lè ṣiṣẹ́. Ọ̀wọ́ méjì ni server wọn. Ọ̀kan gbà á. Èyí tó wà fún Èkó àti ilẹ̀ Igbo kò gbà á, ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ títí èsì fi jáde. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò wá lè máàkì ìdáhùn àwọn ọmọ náà bó ṣe yẹ.

Ibi tó ń dùn wá nìyí. Ẹni tó bá gbé èsì Èkó sí ẹ̀gbẹ́ ti Ìbàdàn, tó sì tún fi ọwọ́ máàkì ìwé díẹ̀ láti ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, yóò ti fura kó tó tẹ èsì jáde. Àyẹ̀wò wà nínú ètò JAMB lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìdánwò ni wọ́n máa ń ṣe é. Igbe àwọn ọmọ ló jẹ́ kí wọ́n fà á síwájú.

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nínú mílíọ̀nù 1.5 yẹn ni àṣìṣe náà kò kàn. Bóyá òun gan-an ló tàn wá jẹ, torí ìtàn ọmọ tí kò kàwé rọrùn láti gbà gbọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London mọ ti Horizon, ẹ̀rọ ìṣirò owó Post Office. Láti 1999 sí 2015, ó lé ní 900 ènìyàn tí wọ́n dá lẹ́bi nítorí owó tí ẹ̀rọ náà ní ó sọnù. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Ọdún 2024 ni òfin tó fọ orúkọ ọ̀pọ̀ wọn mọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Oloyede kò dúró tó bẹ́ẹ̀, a sì gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n kí JAMB máa sọ fún aráyé, kí èsì tó jáde, irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe àti ẹni tó fọwọ́ sí i.

Ní tiwa, a ti pe àwọn tí a fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti bẹ̀ wọ́n. Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbé e.