Ta ni ó yan èdè fún kọ̀ǹpútà wa?

Bí a bá ra kọ̀ǹpútà ní Sokodé, tàbí tí ẹbí fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí wa láti Lomé, àwọn kan ti ṣètò rẹ̀ kí ọwọ́ wa tó kàn án. Wọ́n ti yan aṣàwákiri íntánẹ́ẹ̀tì sí i, èyí tí Faransé ń pè ní navigateur. Wọ́n ti yan ẹ̀rọ ìwádìí, wọ́n sì ti yan èdè. Lórí Windows, Edge ni a óò bá níbẹ̀, Bing sì ni yóò máa bá a wá ọ̀rọ̀ kiri. Ètò àtilẹ̀wá ni èyí, par défaut lédè Faransé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, adájọ́ Amit Mehta ní Amẹ́ríkà dájọ́ pé Google rú òfin ìdíje. Ẹ̀rí tó jáde nínú ẹjọ́ náà fi hàn pé ní ọdún 2021 nìkan, ó san owó tó lé ní bílíọ̀nù dọ́là 26 fún àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn, kí ó lè jẹ́ pé òun ni àwọn ènìyàn yóò kọ́kọ́ bá nílẹ̀. Oníṣòwò kì í da irú owó bẹ́ẹ̀ sómi. Wọ́n mọ̀ pé ohun tí a bá nílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò máa lò lọ.

Fún àwa tí à ń sọ Yorùbá ní Kambolé àti Tchamba, ti èdè ni ó kàn wá jù. Nígbàkúùgbà tí a bá ṣí ojú-ìwé kan, aṣàwákiri a kọ́kọ́ sọ èdè tí a fẹ́ kà. Níhìn-ín, Faransé ni ó sábà máa ń sọ. Nítorí náà, ojú-ìwé tó ní Yorùbá pàápàá lè fi í pamọ́ fún wa. Bí ọ̀dọ́ kan bá sì ń kọ Yorùbá, ìlà pupa a bẹ̀rẹ̀ sí í sá lábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀: lábẹ́ “ọmọ”, lábẹ́ “oúnjẹ”, àní lábẹ́ orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ tí olùkọ́ ti ń fi tàdáwà pupa fa ìlà sí ìwé rẹ̀ láti kékeré yóò rò pé òun ṣì í kọ ni. Kò ṣì í kọ rárá. Àkọtọ́ Faransé ni ẹ̀rọ náà fi ń wọn Yorùbá rẹ̀.

Nínú Chrome, ẹ ṣí Paramètres, kí ẹ wọ Langues. Ẹ fi Yorùbá kún àwọn èdè ibẹ̀, kí ẹ gbé e sókè Faransé. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti pa àyẹ̀wò àkọtọ́ tí ń fa ìlà pupa náà. Ti Firefox wà lábẹ́ Général. Ojú-ìwé tí kò bá ní Yorùbá yóò ṣì máa fi Faransé dá yín lóhùn, kò sì sí ohun tí ìyẹn bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ Edge fúnra rẹ̀ yóò lọ sí Applications par défaut nínú Paramètres Windows.

Bí ó bá jẹ́ pé ilé cyber ní Sokodé ni ẹ ti ń lò ó, ẹ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ẹ sì dá Faransé padà sí ipò rẹ̀ kí ẹ tó dìde: ẹni tí yóò jókòó lẹ́yìn yín lè má gbọ́ ju Tem àti Faransé lọ.